Ìbíkúnlé àti Bàbá Tí Ó Ń Fi Ẹ̀yìn Rìn

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ni ènìyàn fi ń rìn ni, Ìbíkúnlé ì bá ti rìn láti Jẹ́dà dé Ìwó kí oòrùn tó wọ̀, sálúbàtà rẹ̀ ì bá sì wà lẹ́nu ọ̀nà láìgbó. Kì í ṣe òpùrọ́. Ẹ jẹ́ kí a tètè sọ èyí, kí àwọn ará ilé rẹ̀ má baà bínú. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni ó kàn máa ń ròyìn bí ẹni pé àná ni ó ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni ó ń ṣe ní Jẹ́dà, àdúgbò Obhur ni ó sì ń gbé, níbi tí ènìyàn kò ti lè ra búrẹ́dì láìwọ mọ́tò. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti lò níbẹ̀, kò sí ohun tí kò mọ̀. Ó mọ òkun ju apẹja lọ. Ó mọ aṣálẹ̀ ju ràkúnmí lọ. Mẹ́kà pàápàá, tí òun tí ó jẹ́ Kristẹni kò lè wọ̀, ó máa ń júwe òpópónà rẹ̀ fún àwọn tí a bí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, pátákó ojú títì tí ó ní kí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí yà sí ọ̀nà mìíràn ni ibi tí ó mọ̀ jù lọ ní Mẹ́kà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ mélòó kan bá péjọ sínú pálọ̀ rẹ̀, tí wọ́n fa kọ́tìnì, tí wọ́n ń rọra kọrin, ẹ̀rí tirẹ̀ ni ó máa ń gùn jù. Ohùn jẹ́jẹ́ ni ó fi ń jẹ́ ẹ. Ta ni ó sọ fún yín pé ìfọ́nnu nílò ariwo?

Ní ilé ìtajà ńlá kan ní Jẹ́dà, wọ́n sọ omi di yìnyín, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ gbàgede, wọ́n sì fi ògiri kúkúrú yí i ká. Bàtà tí ó ní irin lábẹ́ ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí àwọn ìsọ̀ tó ṣí, àwọn àgbà kan máa ń gbá họ́kì níbẹ̀ fún ìgbádùn ara wọn: wọn a fi ọ̀pá gígùn lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri, ẹni tí ó bá gbá a wọ inú àwọ̀n ni ó jẹ góòlù. Oṣù mẹ́rin ni Ìbíkúnlé ti wà lára wọn. Láàárín oṣù mẹ́rin náà, ó ti mọ bí a ti ń lọ síwájú, ó sì ti mọ bí a ti ń yà sí òsì. Ọ̀tún kò tíì yé e. Bí ó bá sì fẹ́ dúró, ògiri ni ó máa ń dá a dúró.

Èyí kò dí i lọ́wọ́ láti máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn. “Ta ni yóò kọ́ mi ní ohun tí ń jẹ́ yìnyín?” ni ó máa ń wí. “Èmi tí mo ń ṣe òtútù jẹun.”

Maha ni olùkọ́ wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin tí a bí ní Mẹ́kà, tí ó kọ́ eré náà nígbà tí ó lọ kàwé ní Kánádà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mùhándísì, ìyẹn ẹnjiníà ní èdè Lárúbáwá, ni ó ń pe Ìbíkúnlé, inú Ìbíkúnlé a sì máa dùn sí i bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ní ọjọ́ kan, Maha kéde pé ẹgbẹ́ wọn yóò lọ bá ẹgbẹ́ kan gbá eré ìdárayá ní Ríyáàdì. Àyè kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́kù nínú àwọn tí yóò lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, kí ó wá ní Sátidé tí ń bọ̀. Yóò gba rọ́bà láàárín yìnyín, yóò kọjú sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó dúró sẹ́yìn, àwọ̀n yóò sì ṣófo láìní aṣọ́lé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọn yóò fún un. Bí ó bá kọjá ẹni náà lẹ́ẹ̀kan péré tí ó sì gbá a wọlé, ó di ará Ríyáàdì.

Ìbíkúnlé nìkan ni ó na ọwọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni ó ti gbà pé àyè náà ti di tòun.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé rẹ̀ kò ti ní ìsinmi. Ó ń wo fídíò lórí fóònù nígbà tí ó ń jẹun, ó ń wò ó nínú ilé ìwẹ̀. Ó ṣàlàyé fún Tinúọlá ìyàwó rẹ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo tí ó dúró sẹ́yìn kì í ṣe ènìyàn, ilẹ̀kùn ni. Kí a gbọn èjìká sí i lọ́tùn-ún, kí a gbọn ọ̀pá sí i lósì, yóò sì ṣí ara rẹ̀. Ó mú ìgbálẹ̀ àti àlùbọ́sà kan, ó ní kí Tinúọlá dúró níwájú fíríìjì bí ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Tinúọlá ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbọn gbogbo ohun tí ó ní láti gbọ̀n tán, Tinúọlá fi ẹsẹ̀ fa àlùbọ́sà náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó gé e sínú ìkòkò.

“Èyí kò kà,” ni Ìbíkúnlé wí. “Ilẹ̀ onítáìlì ni.”

Lọ́jọ́ kejì, ó wa mọ́tò lọ sí Ṣarafíyà, níbi tí àwọn ìsọ̀ kéékèèké ti kún fọ́fọ́, ó ní kí wọ́n tẹ IBIKUNLE gàdàgbà sí ẹ̀yìn jẹ́sì aláwọ̀ ewé kan, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà mẹ́sàn-án sí abẹ́ rẹ̀. Ẹyin ni orúkọ ẹ̀yìn jẹ́sì, ẹ̀yin ará mi: bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, kò ṣeé kó mọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó jẹ́rìí nípa góòlù náà, ó sì dúpẹ́ fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe ìyá Tinúọlá nílé ní Ìwó.

Ìyá Ìwó ni gbogbo wọn ń pe ìyá yìí. Mùsùlùmí òdodo ni, ó sì ń múra láti wá ṣe iṣẹ́ Hájì ní oṣù tí ń bọ̀. Ìbíkúnlé sọ fún un pé òun, ọmọ rẹ̀, ń lọ ṣojú Áfíríkà ní Ríyáàdì. Ó ní òun fúnra òun ni yóò mú un láti pápákọ̀ òfurufú dé ìdí mọ́tò, nítorí àwọn afinimọ̀nà òde òní kò mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ó pàṣẹ fún Tinúọlá pé bí òun bá ti ń gbá eré lọ́jọ́ Sátidé ni kí ó máa fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá náà, kí ó má ṣe dúró títí eré yóò fi parí, kí ìròyìn má baà tutù.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, àwọn méjì tí wọ́n máa ń ṣọ́ ẹ̀yìn kò tètè dé. Maha wo aago, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì kọjú sí bẹ́ǹṣì tí ó wà lẹ́yìn ògiri. Bàbá kan jókòó síbẹ̀, ó ń mu tíì. Maha fi èdè Lárúbáwá bá a sọ̀rọ̀, bàbá náà gbé ife kalẹ̀, ó sì ń wá bàtà.

Abdulkarim ni orúkọ rẹ̀, bàbá tí ó bí Maha. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Bàbá bàbá rẹ̀ ni ó fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Ìlọrin ṣe Hájì tí kò sì padà mọ́, Mẹ́kà ni a sì bí òun sí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó ti ń fi mọ́tò gbé ọmọ rẹ̀ wá sí Jẹ́dà ní Sátidé. Nígbà tí ìjókòó sú u, ó yá bàtà, ó sì ń yọ̀ kiri jẹ́jẹ́ létí ògiri.

Nígbà tí Ìbíkúnlé rí ikùn bàbá náà àti irùngbọ̀n funfun rẹ̀, ayọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé àánú ṣe é. Ó sọ fún Tinúọlá pé kí ó sún sọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀, kí Ìyá Ìwó lè rí nọ́ńbà mẹ́sàn-án dáadáa. Ó fi kún un pé òun yóò rọra ṣe, nítorí pé ènìyàn kì í dá àgbà ní egungun níwájú ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí ó sì rí i pé Abdulkarim gba ẹ̀yìn yọ̀ lọ sí àyè rẹ̀, ẹ̀rín pa á. “Ẹni tí ó bá ń fi ẹ̀yìn rìn,” ni ó wí, “ìpàkọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ délé.”

Ohun kan wà tí Ìbíkúnlé kò mọ̀, tí ì bá sì mọ̀ ká ní ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀. Láti ogójì ọdún sẹ́yìn, iṣẹ́ Abdulkarim ní àsìkò Hájì ni láti máa kó àwọn arìnrìn-àjò láti pápákọ̀ òfurufú lọ sí ìdí mọ́tò, àti láti ìdí mọ́tò lọ sí ilé tí wọ́n wọ̀ sí ní Mẹ́kà. Àṣíá ni ó ń gbé sókè, ẹ̀yìn ni ó sì ń fi rìn níwájú wọn, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ ẹ̀yìn sí ọgọ́rùn-ún arúgbó láàárín èrò yóò yíjú padà bá ogójì. Kì í wo ojú wọn, kì í wo ọwọ́ wọn. Àyà wọn ni ó ń wò. Ojú arìnrìn-àjò a máa wo ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta dàbínù, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa ṣe iyèméjì, ṣùgbọ́n ibi tí àyà bá kọ sí ni ènìyàn ń lọ.

Maha fọn fèrè.

Ìbíkúnlé gba rọ́bà, ó bọ́ síwájú. Ó gbọn orí, ó gbọn èjìká, ó ń mi ọ̀pá sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí ń sẹ́ gàrí. Ó tẹjú mọ́ ọ̀tún kí bàbá náà lè rò pé ọ̀tún ni ó ń lọ. Bẹ́ẹ̀, òsì nìkan ni ó mọ̀ ọ́n lọ. Abdulkarim kò wo ìkankan nínú gbogbo èyí. Àyà Ìbíkúnlé ni ó ń wò. Ó ń sún sẹ́yìn níwọ̀n bí Ìbíkúnlé ti ń sún síwájú, ìwọ̀n ọ̀pá kan ni ó ń wà láàárín wọn nígbà gbogbo, ó sì na ọwọ́ kan láti fi àyè tí ó ṣófo létí ògiri hàn án, bí ẹni tí ń ní kí àlejò kọjá.

Inú Ìbíkúnlé dùn sí àyè náà. Ó wọ inú rẹ̀. Àyè náà ń fún, ó ń fún, títí ó fi ku ìwọ̀n pákó kan. Nígbà tí ó parí, Ìbíkúnlé ti fi apá méjèèjì gbá ògiri mọ́ra bí ẹni tí ó pàdé ọ̀rẹ́ ilé ẹ̀kọ́.

Abdulkarim fi ọ̀pá rẹ̀ ti rọ́bà wá fún un. “Ẹ pẹ̀lẹ́, Àlàájì,” ni ó wí. “Ẹrù yín rèé.”

Àlàájì ni gbogbo ọkùnrin tí ó bá gbọ́ Yorùbá lójú Abdulkarim. Ìbíkúnlé kò jiyàn, nítorí kò sí oyè tí ó kéré jù fún un láti gbà. Ó kàn ṣàlàyé fún Maha pé irin abẹ́ bàtà òun kò mú mọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó fi eré sísá dá ọgbọ́n. Ó ti pinnu láti ti rọ́bà gba àárín ẹsẹ̀ bàbá náà, kí òun gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kí òun sì pàdé rẹ̀ lẹ́yìn. Ó sáré, ó ti rọ́bà, ó gba ẹ̀gbẹ́, ó sì kọjá lóòótọ́. Ó bojú wo iwájú: àwọ̀n ṣófo, kò sí ẹnikẹ́ni. Ayọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí ó lè fi pamọ́. Ó sọ ọ̀pá nù, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi ẹnu ko ìka rẹ̀, ó nà án sí fóònù Tinúọlá ní tààrà sí Ìwó.

“Bàbá Delight,” ni Tinúọlá pè é, láìgbé fóònù kúrò. “Rọ́bà náà wà lọ́hùn-ún.”

Lóòótọ́ ni ó wà lọ́hùn-ún. Abdulkarim ti kúnlẹ̀ lé e lórí pẹ̀lú ìrọ̀rùn, bí ìgbà tí ènìyàn fi orúnkún tẹ aṣọ tí ó fọ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Ìbíkúnlé fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ògiri ni ó fi ń dúró, ògiri kò sì sí nítòsí. Àwọ̀n ni ó wà nítòsí. Ó wọ inú rẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀, àwọ̀n dojú dé e, ènìyàn méjì ni ó sì wá tú u jáde bí ẹja.

“Ṣé wọ́n á kà á?” ni ó béèrè. “Èmi fúnra mi ṣáà wọlé.”

Maha na ìka kan sókè. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó kù.

Níbi tí ó ti ń gbá yìnyín kúrò lára ni ọgbọ́n kan ti sọ sí i lọ́kàn. Ó ronú pé ọmọ Mẹ́kà ni bàbá yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ni. Àgbà Yorùbá tí a bá kí, yóò dáhùn. Àgbà tí ó bá ń dáhùn kíkí, ọkàn rẹ̀ yóò kúrò níbi iṣẹ́. Ìgbà náà ni òun yóò kọjá. Àgbà kì í wà lórí yìnyín, kí a má kí i.

Ó gba rọ́bà. Ó rọra ń bọ̀, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé ọ̀dọ̀ bàbá náà, ó tẹ orí ba, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàájì.”

Ojú Abdulkarim tàn bí ẹni tí a tan iná sí lára. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí Yorùbá rẹ̀ ti rí. Lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà ni ó ti gbọ́ ọ, lẹ́nu àwọn arìnrìn-àjò ni ó sì ti kọ́ ìyókù. Ọmọ rẹ̀ kì í fi èdè náà dá a lóhùn. Lárúbáwá ni Maha ń sọ fún un láti kékeré. Nítorí náà, Yorùbá Abdulkarim kò ní èébú, kò ní àwàdà, kò ní ọ̀rọ̀ òwò. Ohun méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀: ìkíni àti àdúrà. Ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí i ní Jẹ́dà.

“Ẹ kú ewu ọ̀nà, Àlàájì,” ni ó wí, tí ó ń gba ẹ̀yìn lọ. “Ṣé ilé dára? Ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa? Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ délé láyọ̀.”

Ẹ̀yin tí ìyá Yorùbá tọ́ dàgbà, kí ni ẹ máa ń ṣe bí àgbà bá ṣàdúrà fún yín? Ọwọ́ kì í dúró gba àṣẹ. Ọwọ́ ọ̀tún Ìbíkúnlé kúrò lára ọ̀pá, ó gun orí akoto rẹ̀.

“Àmín.”

“Ẹ kò ní sọnù láàárín èrò.”

Ọwọ́ òsì náà gòkè. Ọ̀pá bọ́ sílẹ̀. “Àmín o.”

“Ẹrù yín kò ní sọnù.”

“Àmín, bàbá,” ni Ìbíkúnlé wí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí, ó sì wí i tọkàntọkàn. Nígbà tí ó ń ṣe àmín yìí, rọ́bà ti wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ogún lẹ́yìn rẹ̀.

Kò lè dúró, nítorí kò sí ògiri. Kò lè yà, nítorí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ọ̀nà ṣí sí. Kò sì lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu, nítorí àdúrà ṣì ń bọ̀. Abdulkarim ń fi ẹ̀yìn lọ, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó ń fi ìka pè é. “Ẹ máa bọ̀. Ẹ rọra. Ẹ má ṣe ti ara yín. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè níbí.”

Ìbíkúnlé gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹnu ọ̀nà ògiri ni ó gbà kọjá, orí ẹní onírọ́bà tí wọ́n tẹ́ sí ìta yìnyín ni ó tẹ̀.

“Ẹ jókòó,” ni Abdulkarim wí. “Mọ́tò ń bọ̀.”

Ìbíkúnlé jókòó. Ìgbà tí ìdí rẹ̀ kan bẹ́ǹṣì ni iyè rẹ̀ sọ, tí ó rí i pé ife tíì bàbá náà ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, tí èéfín sì ń rú lórí rẹ̀.

Àwọn tí ó wà lórí yìnyín ń rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó. Maha nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wá síbi bẹ́ǹṣì, ó sì fi Lárúbáwá jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, èyí tí gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ gbọ́. “Kàláàsì, ó ti parí, Mùhándísì. A ó fi àyè náà sílẹ̀ ní òfìfo. Àyè tí ó ṣófo sàn ju àyè tí ń sọ̀rọ̀ lọ.”

Ìbíkúnlé bọ́ jẹ́sì náà kí ó lè fi nù ojú. Abdulkarim wò ó, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn, ó sì bi í bóyá ó ṣì nílò rẹ̀. Ìbíkúnlé, tí kò fẹ́ rí orúkọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ní kí ó máa mú un lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó jẹ́rìí pé òun fi jẹ́sì òun ṣe ìtọrẹ fún ìrànlọ́wọ́ àwọn arìnrìn-àjò.

Ní ti fídíò, ó ti lọ. Tinúọlá jẹ́ aya tí ń gbọ́ràn. Ìyá Ìwó fi ohùn dáhùn láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an: “Mo ti rí i o, Tinúọlá. Ọlọ́run yóò fún ẹsẹ̀ rẹ̀ ní agbára.” Ìbíkúnlé gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní ẹ ò rí i pé Ìyá mọ eré ìdárayá.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, òun àti Tinúọlá dúró nínú ooru lábẹ́ àwọn òrùlé funfun tí ó dà bí àgọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà, níbi tí mọ́tò Mẹ́kà ti ń gbé àwọn arìnrìn-àjò. Wọn kò jẹ́ kí ó kọjá ìdí mọ́tò, ṣùgbọ́n ó ń júwe inú ibẹ̀ fún Tinúọlá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ bí àwọn afinimọ̀nà ti ń sọ ènìyàn nù ni ohun kan yọ lókè orí èrò lọ́ọ̀ọ́kán. Ọ̀pá họ́kì ni. Jẹ́sì aláwọ̀ ewé ni ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí rẹ̀. IBIKUNLE, 9.

Ọgọ́rin arúgbó láti Ìwó àti agbègbè rẹ̀ ni ó tẹjú mọ́ orúkọ náà, tí wọ́n ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, kò sí ẹyọ kan tí ó yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Níwájú wọn ni Abdulkarim ti ń fi ẹ̀yìn rìn.

Ìyá Ìwó jáde láàárín wọn, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀. Ìbíkúnlé dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ìyá náà ní kí ó dìde, ó sì dìde. Ó rìn lọ gbé báàgì ìyá náà, ìgbésẹ̀ márùn-ún ní lílọ, márùn-ún ní bíbọ̀. Ìyá náà kò gbójú kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi rìn ín tán. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí Abdulkarim, ó wo irùngbọ̀n rẹ̀, ó wo bí ó ti na ọwọ́ sí àwọn èrò, ó sì kúnlẹ̀.

“Àlàájì, mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ ọ ní ìrìn nínú fídíò yẹn,” ni ó wí. “Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ wò ó, ó ti ń dá rìn.”